Láti ipò olùrànlọ́wọ́ dé ipò àńtí kíláàsì: bí o ṣe máa kọ́ṣẹ́ nọ́sìrì lẹ́nu iṣẹ́ ní Àkúrẹ́

Yà sí ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi èyíkéyìí ní Àkúrẹ́, láti Alágbàká dé ojú ọ̀nà Ọ̀dà, wàá bá ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tó ti jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí wọ́n ní "olùrànlọ́wọ́" ni. Wọ́n ní kó wá kọ́ṣẹ́. Ọdún kejì, ọdún kẹta, ó ṣì ń nu imú ọmọ, ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ póò, kò sì tíì dá dúró níwájú ọmọ mẹ́wàá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá rí. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kú. Ó rò pé bí òun bá ṣáà ti wà nínú kíláàsì, iṣẹ́ á wọ òun lára. Iṣẹ́ nọ́sìrì kì í wọni lára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò máa wo òun ṣiṣẹ́, tí yóò máa sọ ibi tó kù sí, tí yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Orí ìyẹn ni mo gbé gbogbo ìpele ìsàlẹ̀ yìí lé.

(Àńtí ni mò ń sọ nítorí bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ ń pè wá. Bó o bá jẹ́ ọkùnrin, àńkù ni wọ́n máa pè ọ́. Iṣẹ́ kan náà ni.)

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

- Èsì WAEC tàbí NECO. Bí Gẹ̀ẹ́sì tàbí Ìṣirò kò bá yọ, tún un ṣe lọ́dún yìí. Má dúró dìgbà tí wọ́n bá ń ta fọ́ọ̀mù NCE, ìyẹn ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́.
- Ìwé àkọsílẹ̀ méjì: ńlá kan fún ilé, kékeré kan tó lè wọ àpò.
- Bàtà pẹlẹbẹ, èékánná gígé, yẹtí kékeré. Yẹtí róbótó ńlá, ọmọ ọdún méjì á fà á ya mọ́ ọ létí.
- Owó ọkọ̀ oṣù kan, nítorí owó oṣù àkọ́kọ́ kì í sábà yá.
- Fọ́tòkọ́pì ìwé ẹ̀rí rẹ.

Ìpele 1: Yan ilé-ìwé tó máa kọ́ ọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo owó oṣù àti bí ọ̀nà ṣe jìn tó, wọ́n á sì gba iṣẹ́. Owó olùrànlọ́wọ́ kì í pọ̀ níbì kankan, nítorí náà má fìyẹn nìkan yan. Kó o tó gbà, ní kí wọ́n jẹ́ kó o jókòó nínú kíláàsì kan fún wákàtí kan. Ka àwọn ọmọ. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ fi ọmọ 25 sọ́wọ́ olùkọ́ kan ní nọ́sìrì. Bó o bá bá ọmọ 45 nínú yàrá kan lọ́wọ́ àńtí kan, àńtí yẹn kò ráyè mí, áḿbọ̀sìbọ́sí kó ráyè kọ́ ọ. Wo ilé ìyàgbẹ́: ṣé ẹsẹ̀ ọmọ lè kanlẹ̀ níbẹ̀? Ṣé omi ṣì wà ní aago mẹ́wàá, àbí ti àárọ̀ nìkan ni? Bèèrè ẹni tó ní NCE tàbí dìgírì ẹ̀kọ́ láàárín àwọn olùkọ́ nọ́sìrì wọn. Bí kò bá sí ẹyọ kan, ta ni yóò kọ́ ọ?

Ilé-ìwé ńlá tó kun ọ̀dà mèremère lè fi ọ́ sídìí póò fún ọdún mẹ́ta torí pé olùkọ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ ní Òkè-Àró tàbí Ọbà-Ilé lè fa kíláàsì odindi lé ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kẹta. Lójú tèmi, ìkejì yìí ló burú jù, nítorí á jọ ìgbéga. Kò sẹ́ni tó ń wò ọ́ níbẹ̀, àṣà tí kò dáa tó o bá kó lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ lo máa gbé dé ọdún kẹwàá.

Bèèrè ìwé kékeré kan tó sọ nǹkan mẹ́ta: iṣẹ́ tó o wá ṣe, orúkọ olùkọ́ tó máa wo iṣẹ́ rẹ, àti pé wọ́n á yọ̀ǹda rẹ lọ́jọ́ ẹ̀kọ́ NCE rẹ. Ìwé yìí ló máa gbà ọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀gá tuntun bá dé.

Ṣọ́ra: àwọn ilé-ìwé aládàáni kan máa ń gba ojúlówó ìwé ẹ̀rí òṣìṣẹ́ pamọ́ kó má bàa sá lọ. Fi ojúlówó hàn wọ́n, fún wọn ní fọ́tòkọ́pì, kó o sì gbé ojúlówó padà sílé lọ́jọ́ náà.

Yẹ̀ ẹ́ wò: bi ọ̀gá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta lẹ fẹ́ kí n máa tẹ̀ lé?" Bó bá dárúkọ ẹnì kan lójú ẹsẹ̀, ó dáa. Bó bá ní "gbogbo wa la máa kọ́ ẹ," kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ.

Ìpele 2: Oṣù àkọ́kọ́, kọ ohun tí ojú rẹ rí

Lójoojúmọ́, yan ọmọ méjì, kí o fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe. Ohun tó ṣe o, kì í ṣe ohun tó o rò nípa rẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á kọ "ó lágídí," "ọ̀lẹ ni," "orí rẹ̀ pé." Kò sí ohun tí olùkọ́ lè fi irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Wo ọmọ kan náà lọ́nà méjì. Àkọ́kọ́: "T. kì í gbọ́ràn. Mo pè é títí." Ìkejì: "Aago 9:20. T. ń fi búlọ́ọ̀kù ṣeré, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò yíjú. Mo lọ síwájú rẹ̀, mo pè é pẹ̀lú ohùn kan náà, ó dìde." Ìkejì yìí ni àńtí kíláàsì máa kà táá fi bi ìyá ọmọ bóyá etí rẹ̀ ti ṣọyún rí, táá sì ní kí wọ́n gbé e lọ yẹ̀ wò ní ọsibítù. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa la ti sọ di olóríkunkun kó tó dé prámárì.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ni kó o kọ, má kọ orúkọ tán, má sì fi ìwé náà sílẹ̀ níbi tí òbí míì lè rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò: má gbé ọmọ ẹlẹ́ni sórí WhatsApp rẹ, bó ti wù kí aṣọ ọjọ́ Children's Day rẹ̀ dùn ún wò tó, àfi tí òbí bá fọwọ́ sí i.

Láàárín oṣù náà, mọ orúkọ gbogbo ọmọ, ẹni tó ń gbé e wá, oúnjẹ tí kì í bá a lára mu, àti èdè tí wọ́n ń sọ nílé rẹ̀.

Yẹ̀ ẹ́ wò: ka àkọsílẹ̀ márùn-ún sétí àńtí kíláàsì láìdárúkọ. Bó bá lè sọ ọmọ tó o ń wí, ojú rẹ ti là. Bó bá ní "ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni," tún un kọ.

Ìpele 3: Póò, oúnjẹ, àti ẹnu géètì

Àwọn olùrànlọ́wọ́ máa ń ka èyí sí iṣẹ́ ẹrú, pé ojú pátákó ni iṣẹ́ gidi wà. Èmi ò gbà. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ta ń kọ́ nígbà tó ń de bọ́tìnì ara rẹ̀ ju ohun tó ń kọ́ nídìí "A for Apple" lọ: ó ń kà, ó ń mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ó ń sọ ohun tó fẹ́ jáde lẹ́nu. Máa bá a sọ̀rọ̀ bó o ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

*Ilé ìyàgbẹ́.* Má dúró dìgbà tó bá bọ́ sára. Mú wọn lọ nígbà tí wọ́n bá dé, lẹ́yìn oúnjẹ, àti kí wọ́n tó sùn. Má ti ilẹ̀kùn pa. Jẹ́ kí àgbàlagbà míì lè rí ọ, fún ààbò ọmọ àti fún ààbò tìrẹ. Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin, iwájú la ti ń nù ún lọ sẹ́yìn, kí ìgbẹ́ má bàa kan ojú ara rẹ̀. Jẹ́ kí ọmọ fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀, bó tiẹ̀ máa pẹ́. Ọṣẹ àti omi tí a ń dà síni lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ fi fọwọ́, ìwọ àti òun. Abọ́ omi kan tí ogún ọmọ ń ki ọwọ́ bọ̀, àìsàn la fi ń pín láàárín ara wọn. Bí ọmọ bá tọ̀ sára, pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ láìpariwo. Ọmọ tí wọ́n bá fi ṣẹlẹ́yà á bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìtọ̀ mọ́ra, ọ̀rọ̀ náà á sì burú sí i.

*Oúnjẹ.* Kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ máa sáré kiri pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Yẹ kúlà wò: ẹ̀pà, gúgúrú, súìtì líle, ẹja eléegun, kóró agbálùmọ̀ lásìkò rẹ̀, ìwọ̀nyí kì í ṣe ti ọmọ nọ́sìrì. Má di ọmọ nímú láti rọ ọ́ lóúnjẹ. Ìyá ọmọ lè bèèrè ìdí tí kúlà kò fi ṣófo. Sọ fún un pé ṣíbí mẹ́rin ló jẹ, kó o sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí nǹkan bá há ọmọ lọ́fun:

1. Bó bá ṣì ń wúkọ́ kíkankíkan, tó ń sunkún, jẹ́ kó máa wúkọ́. Dúró tì í.
2. Bí kò bá lè wúkọ́, tí ohùn kò jáde mọ́, ké sí àgbàlagbà míì. Tẹ ọmọ síwájú, fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún.
3. Bí kò bá tíì jáde, tí ọmọ sì ti ju ọdún kan lọ, kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, gbé ìkúùkù rẹ sókè ìdodo rẹ̀, nísàlẹ̀ egungun àyà, fà á sínú lọ sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Padà sórí ẹ̀yìn, kó o tún padà síkùn.
4. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, má tẹ ikùn rẹ̀ rárá. Dà á dojú bolẹ̀ lórí apá rẹ kí orí rẹ̀ relẹ̀, gbá ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, yí i padà, fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Má ki ìka bọ ọ̀fun ọmọ nígbà tí o kò rí ohun tó wà níbẹ̀. Ó lè tì í wọlé sí i. Bó bá jáde tán, ọmọ tí o tẹ ikùn tàbí àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Kíkà kò tó fún èyí. Bẹ nọ́ọ̀sì kan kó fi bèbí kọ́ ọ, kó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ọmọ tó bá dákú.

Ọ̀rọ̀ gìrì: da ọmọ dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀, kó nǹkan líle kúrò lẹ́bàá rẹ̀, wo aago, kí ẹnì kan máa wá ọkọ̀ ọsibítù. Kò sí ṣíbí lẹ́nu, kò sí àgbo ìtọ̀ màlúù, kò sí ẹsẹ̀ lórí iná. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá dà sẹ́nu ọmọ tí gìrì mú lè gba ọ̀nà èémí lọ. Bí ìyá àgbà kan bá ń pariwo ìtọ̀ màlúù lẹ́nu géètì, fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn, má sì jẹ́ kó wọlé.

*Ẹnu géètì.* Aago méjì, òjò ń rọ̀, géètì kún. Ọlọ́kadà kan tó fi ọ̀rá borí ní, "Ìyá Tóbi ní kí n wá gbé e." Tóbi fúnra rẹ̀ ti ń sáré bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọmọ kì í ṣe ẹ̀rí. Ọmọ ọdún mẹ́ta á tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tó bá ní alùpùpù. Sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sábẹ́ òrùlé, ẹ jẹ́ kí n pe ìyá rẹ̀." Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ilé-ìwé ni kó o pè. Má gba fóònù tí ọkùnrin náà ti tẹ̀ nọ́ńbà sí tó ń nà sí ọ. Bí ìyá kò bá gbé e, Tóbi á dúró, bí ọlọ́kadà fẹ́, kó bínú.

Yẹ̀ ẹ́ wò: nígbà tẹ́ ẹ bá ṣíwọ́, ìwé géètì gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tó gbé ọmọ kọ̀ọ̀kan àti aago tó gbé e. Iye tó wọlé láàárọ̀ gbọ́dọ̀ bá iye tó jáde mu. Bí kò bá bá a mu, kò sẹ́ni tó ń lọ sílé.

Ìpele 4: Tọrọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá

Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, bẹ àńtí kíláàsì pé kó fún ọ ní àlọ́ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀. Àlọ́ ló rọrùn jù, torí àwọn ọmọ á bá ọ gbe orin. Lẹ́yìn ìyẹn, bojúbojú tàbí ẹkùn mẹ́ran níta. Oǹkà àti ìró lẹ́tà ló kẹ́yìn, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Nínú lẹ́sìn nóòtì rẹ, kọ ète kan ṣoṣo tí ojú lè rí. "Àwọn ọmọ yóò mọ nọ́ńbà" kò ṣeé yẹ̀ wò. "Bí mo bá kó ìdérí ìgò mẹ́wàá sílẹ̀, tí mo ní kí ọmọ fún mi ní mẹ́ta, mẹ́ta gan-an ni yóò mú" ṣeé yẹ̀ wò. Ọmọ tó ń ka 1 dé 50 geere lè bu ẹ̀kúnwọ́ fún ọ nígbà tó o ní mẹ́ta. Orin ló ń kọ. Òbí á pàtẹ́wọ́ fún orin náà, ìwọ ní láti mọ ìyàtọ̀.

Ìró lẹ́tà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń lo Jolly Phonics, tó fi s, a, t, i, p, n bẹ̀rẹ̀. Ẹnu àwa Yorùbá kì í fẹ́ fi kọ́ńsónáǹtì sílẹ̀ lásán, a máa ń fi fáwẹ́ẹ̀lì tì í lẹ́yìn: "sù," "tù," "pù." Ọmọ tó bá kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ á so ó pọ̀, á gbọ́ "sù-à-tù," kò sì ní rí "sat" níbẹ̀ láéláé. Fa "ssss" gùn. Ní ti "t" àti "p," èémí lásán ni. Gbé ìka lé ọ̀fun rẹ kó o pe "p": bí ọ̀fun bá gbọ̀n, o ti fi fáwẹ́ẹ̀lì sí i.

Ọmọ tó ti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà dé pẹ̀lú èdè Àkúrẹ́ lẹ́nu, má fi ṣẹ̀fẹ̀. Sọ nǹkan náà kó yé e ní Yorùbá, kó o tó fún un ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Má sì fipá fi pẹ́ńsùlù sọ́wọ́ ọmọ ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Amọ̀ mímọ, iyanrìn, pépà yíya, ìwọ̀nyí ló ń mú ìka lágbára. Ìyá kan á wá bá ọ pé àwọn ọmọ ilé-ìwé kejì ti ń kọ ABC. Mú amọ̀ tí ọmọ rẹ̀ mọ jáde, ṣàlàyé fún un bí ìka tó ń fún amọ̀ ṣe máa di pẹ́ńsùlù mú láìpẹ́.

Ṣọ́ra: pànkéré lè wà lórí tábìlì. Má fọwọ́ kàn án, bí gbogbo àńtí tó kù tiẹ̀ ń lò ó. Ọmọ tó ń bẹ̀rù rẹ kò ní sọ fún ọ pé inú ń run òun. Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń dàrú, tàbí kó o ní kó bá ọ pín pépà.

Yẹ̀ ẹ́ wò: lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ, gbé ìwé rẹ fún àńtí kíláàsì kó kọ ohun kan tó dáa àti ohun kan tó yẹ kó yí padà, kó fi ọjọ́ sí i, kó fọwọ́ sí i. Bí ìkìlọ̀ kan náà bá jáde lẹ́ẹ̀mẹta, má tọrọ ẹ̀kọ́ tuntun títí ìyẹn á fi tán.

Ìpele 5: Ìwé ẹ̀rí

NCE ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí Nàìjíríà fọwọ́ sí fún iṣẹ́ olùkọ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè gba ọ̀nà méjì. NTI, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀ tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Kàdúná, ń kọ́ NCE láti ọ̀nà jíjìn. Ó ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwé lo máa kà nílé, wàá sì máa lọ fún ẹ̀kọ́ ojúkojú lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá. Ọ̀nà kejì ni sáńwíìṣì, tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ilé-ìwé bá wà ní ìsinmi. Lọ bèèrè ní Adéyẹmí ní Oǹdó, tó ti kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó di yunifásítì ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ọkọ̀ Àkúrẹ́ kì í pẹ́ débẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni orúkọ kọ́ọ̀sì. "Primary Education" wà fún prámárì. Èyí tó jẹ́ tìrẹ ni "Early Childhood Care and Education." Sátífíkéètì sẹ́mínà ọlọ́sẹ̀ kan tí wọ́n ń pín ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì wúlò, gbà á bó o bá lówó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dúró fún NCE. Lẹ́yìn NCE, wàá ṣe ìdánwò TRCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, kó o tó gba láísẹ́ǹsì olùkọ́. Nígbà tí wọ́n bá sì rán ọ lọ fi ìkọ́ni dánra wò, ìwé tí àńtí kíláàsì ti ń fọwọ́ sí yẹn máa jẹ́ kí ara tù ọ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ lọ.

Yẹ̀ ẹ́ wò: àkáǹtì ilé-ẹ̀kọ́ ni owó rẹ lọ, kì í ṣe ti "bọ̀dá kan tó mọ̀ wọ́n níbẹ̀," rìsíìtì wà lọ́wọ́ rẹ, orúkọ kọ́ọ̀sì tó tọ́ sì wà lórí lẹ́tà ìgbaniwọlé.

Ìpele 6: Bèèrè fún kíláàsì

Oṣù Keje ni kó o lọ. Bó bá fi máa di Oṣù Kẹsàn-án tí ilé-ìwé ń wọlé, wọ́n ti pín kíláàsì tán. Má gbé ẹ̀sùn lọ, ìwé rẹ ni kó o gbé lọ. "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ wo ohun tí Àńtí kọ nípa iṣẹ́ mi láti Oṣù Kẹwàá. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fún mi ní Nọ́sìrì 1 ní sáà tó ń bọ̀, kí Àńtí ṣì máa yẹ̀ mí wò lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀." Bí wọ́n bá ní kó o ní sùúrù, bèèrè ohun tó kù, kó o sì bèèrè ọjọ́. Bí kò bá sí ìdáhùn fún méjèèjì, ìsinmi yẹn gan-an ni kó o fi kọ̀wé sí ilé-ìwé mìíràn, pẹ̀lú fọ́tòkọ́pì ojú ewé díẹ̀ nínú ìwé rẹ, lẹ́yìn tó o bá ti pa lẹ́tà orúkọ àwọn ọmọ rẹ́.

Bí wọ́n bá gbà, wo lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ kó o tó fọwọ́ sí i: orúkọ kíláàsì, iye owó oṣù àti ọjọ́ tí wọ́n ń san án, iye ọmọ tó máa wà lọ́wọ́ rẹ, ẹni tó máa jẹ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ, àti ọjọ́ ẹ̀kọ́ NCE rẹ tí wọ́n á máa fi sílẹ̀. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ní kí wọ́n fi bírò kọ ọ́ sí i níwájú rẹ.